Bátìrì méjì ni, àbí alternator kejì, nínú bàálù tí mo ń tò?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń to bàálù kékeré oníjókòó méjì sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Apẹ̀tẹ̀. Ara àti ìyẹ́ rẹ̀ ti parí, ọ̀rọ̀ iná nìkan ló kù. Ẹ́ńjìnì tí mo rà kò ní magneto tí í máa ń pèsè iná fún plug fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń darí plug àti epo, nítorí náà bí iná bá tán lókè, ẹ́ńjìnì kú nìyẹn. Alternator kan (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná) tí bẹ́líìtì ń yí ló wà níwájú rẹ̀. Mo ti ra bátìrì méjì tí wọ́n kọ 17Ah (áńpíà lọ́nà wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà) sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta ọ̀kan, kí n fi owó rẹ̀ kún ti alternator kékeré oní-áńpíà 8 tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì (mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnì bàálù): O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kọ́kọ́ fi mítà wọn iye iná tí ẹ́ńjìnì nìkan ń jẹ. Bí pọ́ǹpù epo bá ń jẹ áńpíà 5, tí kọ̀ǹpútà, injector àti plug sì ń jẹ 4, áńpíà 9 nìyẹn, a ò tíì ka rédíò. Oní-8 kò lè gbé e. Bátìrì ni yóò máa dí ìyókù, yóò sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kí 17Ah yẹn tàn ọ́: iná tín-ín-rín, tí a rọra fà fún wákàtí 20, ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Bí o bá fa áńpíà 9, kò ní pẹ́ tó wákàtí méjì tí ìṣirò yóò fún ọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni bí o ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀. Bátìrì méjì tí nǹkan kan kò sí láàárín wọn, ẹyọ kan ni wọ́n lóòótọ́: bí sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́ nínú ọ̀kan, yóò fa èkejì wálẹ̀. Fi rẹlée ńlá (súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa) sáàárín wọn, kí o lè yà wọ́n nígbà tí ewu bá dé. Bí owó bá ká a, alternator oní-20 ni kí o rà. Ṣètò regulator (ohun tó ń darí fóòtì) ti ńlá sí fóòtì 14.2, ti kékeré, ìyẹn oní-20 yìí, sí nǹkan bí 13; kékeré yóò máa sùn níwọ̀n ìgbà tí ńlá bá ń ṣiṣẹ́, bí ńlá bá sì kú, yóò jí láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan súìṣì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí yóò gé e bí fóòtì bá kọjá nǹkan bí 16, torí alternator tó bá ya wèrè lè ba bátìrì méjèèjì àti kọ̀ǹpútà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Rewáyà Gate: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni èmi ń ṣe, n kò mọ bàálù, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀rọ̀ earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí negative bátìrì. Ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ti pààrọ̀ alternator rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ẹnu mítà kan sí negative bátìrì, mo fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́: fóòtì 1.8, níbi tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Orí ọ̀dà ni wọ́n ti de bóòtù earth mọ́lẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, bí earth yín gbogbo bá pàdé lábẹ́ bóòtù kan ṣoṣo, ẹyọ kan ṣì ni bátìrì méjèèjì. Ẹ sì fún ẹnu wáyà pọ̀ dáadáa dípò kí ẹ lẹ̀ ẹ́ ní sódà, torí ibi tí sódà parí sí ni gbígbọ̀n ti máa ń ṣẹ́ wáyà.

Ìyá Àrẹ̀mú: Ẹ máa ra bátìrì kan lọ́dọọdún, tuntun sí ipò kìíní, ti èṣí sí ipò kejì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: áńpíà 10.6 ni ẹ́ńjìnì nìkan ń jẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ oní-8 ti tán. Mo sì lọ yẹ earth wò: kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù àti bátìrì méjèèjì, abẹ́ bóòtù kan náà ni mo kó gbogbo wọn sí. Mo ti ń tú u báyìí.