Àwọ̀ ni wọ́n yí: ìrírí wa pẹ̀lú àṣírí inú gémù àtijọ́ ní Òṣogbo

Ọmọ Aláró, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀dọ̀ màmá mi ló ti bẹ̀rẹ̀, màmá mi kò sì fọwọ́ kan pádì tí a fi ń gbá gémù rí láyé wọn.

Kámpálà ni màmá ń ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Òkè-Baálẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Òṣogbo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: wọn á gé fóòmù sí àwòrán tó wù wọ́n, wọn á tẹ̀ ẹ́ bọ àbẹ́là tó ti yọ́ lórí iná, wọn á wá fi lu aṣọ funfun. Ibi tí àbẹ́là bá dé, aró kò ní ràn án. Fóòmù màmá kò ju mẹ́fà lọ, àmọ́ aṣọ tó ń ti ara mẹ́fà yẹn jáde kò lóǹkà. Ẹyẹ tó wà lára aṣọ aláwọ̀ ewé lánàá, bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò tí wọ́n sì pa aró dà, ó ti di ewé lára aṣọ búlúù lónìí. Oníbàárà á ra méjèèjì láì mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní 1996, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ra gémù bọ̀ wálé fún wa. Ojúlówó Nintendo, ẹ̀rọ gémù àwọn ará Japan, kọ́, ẹ̀dà rẹ̀ tó kún ọjà nígbà náà ni. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, gémù inú rẹ̀ pọ̀: Mario wà ńbẹ̀, Contra wà ńbẹ̀, Battle City tí gbogbo wa ń pè ní táǹkì náà wà ńbẹ̀. Tẹlifíṣàn ilé wa, dúdú-àti-funfun ni. Ihò eriali la ń ki wáyà gémù bọ̀, a ó wá máa yí ṣánẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná wá, màmá jókòó sẹ́yìn wa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Èmi ń sáré lọ pẹ̀lú Mario. Àfi bí màmá ṣe dáwọ́ ẹ̀wà dúró tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí i pé fóòmù kan náà ni wọ́n fi lu àwọsánmà òkè yẹn àti igbó ilẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọsánmà nìyí, igbó nìyẹn."

"Wọ́n ri ìdí ọ̀kan mọ́lẹ̀ ni. Ẹ lọ wò ó nílé ẹni tí tẹlifíṣàn rẹ̀ láwọ̀. Àwọ̀ ni wọ́n yí."

Ọjọ́ kejì, a gbé gémù lọ sí ilé àwọn aládùúgbò tó ní tẹlifíṣàn aláwọ̀. Funfun ló wà lókè, àwọ̀ ewé ló wà nílẹ̀. A wò ó, a tún un wò. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. A ti ń gbá gémù yẹn fún bí oṣù mẹ́ta, àwọ̀ ti bo ojú àwọn tó ní tẹlifíṣàn gidi, àwa tí a kò ní àwọ̀ rárá kò sì wò ó bí màmá ṣe wò ó.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó kà á pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Super Mario Bros. tí Shigeru Miyamoto, Takashi Tezuka àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe fún Nintendo ní 1985, gbogbo rẹ̀ pátá kò ju kílóbáìtì 40 lọ: 32 fún ètò iṣẹ́ rẹ̀, 8 fún àwòrán. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yín yà lónìí tóbi jù ú lọ fíìfíì. Nítorí àyè tó há yìí ni wọ́n ṣe ya orí àwọsánmà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n kùn ún ní funfun fún òkè, tí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé fún ilẹ̀, tí wọ́n sì gé ìdí rẹ̀ kúrò kó lè jókòó bí igbó.

Olú tó máa ń rìn wá pàdé Mario níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Goomba? Ó wà lára ohun tó wọlé kẹ́yìn, nígbà tí àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwòrán kan péré ló kù fún un. Ni wọ́n bá ń yí àwòrán yẹn sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, ojú wa sì ń sọ fún wa pé ó ń gbẹ́sẹ̀. Mario fúnra rẹ̀, láti inú Donkey Kong ti 1981 ló ti wá, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Jumpman. Wọ́n dé fìlà fún un torí pé irun ṣòro láti yà pẹ̀lú ìwọ̀nba píkísẹ́lì, àwọn àmì tóńtó tí wọ́n fi ń ya àwòrán, tí wọ́n ní. Wọ́n fún un ní túbọmu kí wọ́n má baà ya ẹnu. Ṣòkòtò olókùn-léjìká tó wọ̀, kí a lè máa rí apá rẹ̀ bó ti ń sáré ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún màmá. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Fóòmù mélòó ni wọ́n ní?"

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí nínú gémù ìgbà yẹn tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ títí ẹ fi dàgbà? Ẹ sọ tiyín.

Àkàndé Alékúwodò

Ẹ kú iṣẹ́, Ọmọ Aláró. Contra ni tèmi.

Ṣọ́ọ̀bù gémù kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní JSS 2, náírà 5 ni ẹ̀mí mẹ́ta. Ẹ̀mí mẹ́ta nínú Contra, kí èèyàn tó mí kanlẹ̀, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bó bá ti jókòó, ẹ̀mí 30 ni tirẹ̀. Yóò fi fìlà bo ọwọ́, a ó gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ fìlà, ó parí. Àwọn kan ní oògùn ni. Onísọ́ọ̀bù pàápàá gbà pé oògùn ni.

Odidi sáà kan ni mo fi ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún un kó tó sọ ọ́ sí mi létí: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Kí n má baà gbàgbé, mo ń fi ìka lù ú lórí tábìlì ní kíláàsì bí ẹni ń lu dùndún. Tíṣà nà mí nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kazuhisa Hashimoto lorúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Konami ló wà, wọ́n ní kó gbé gémù ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Gradius wá sórí ẹ̀rọ Nintendo ní 1986. Gémù náà le débi pé òun fúnra rẹ̀ kò lè ta á já, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dópin. Ló bá fi àwọn bọ́tìnì tó rọrùn fún un láti rántí ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ara rẹ̀, láti ní gbogbo ohun ìjà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò yọ ọ́ kúrò kí gémù tó jáde, ó wà níbẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Konami wá fi ọ̀nà náà sínú gémù wọn mìíràn, Contra sì wà lára wọn.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ó kú ní 2020, mo tún fi ìka lù ú lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀, láì ṣì í.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ọkùnrin ò ní dá sọ ọ́ o. Èmi ni mo máa ń pa pẹ́pẹ́yẹ inú gémù jù nílé wa!

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo rí gémù àtijọ́ oníbọn lọ́jà òkìrìkà, inú mi dùn, mo rà á fún àwọn ìbejì mi. Duck Hunt, gémù tí a ti ń yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ, wà nínú rẹ̀. A so ó mọ́ tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tó wà ní pálọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ fò, mo yìn, kò kú. Táyé yìn, kò kú. Kẹ́hìndé lọ fi ẹnu ìbọn kan tẹlifíṣàn, síbẹ̀ kò kú. Ajá inú gémù yẹn ń fi wá rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Mo gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún nǹkan ṣe. Ó tú u palẹ̀, ó gba owó, ó ní ó ti dáa. Kò dáa.

Nígbà tí a lọ kí bàbá mi ní Ayétòrò, tẹlifíṣàn wọn àtijọ́, oníkùn ńlá yẹn, ṣì wà nílẹ̀. Mo ní kí n dán an wò. Ọta àkọ́kọ́, pẹ́pẹ́yẹ já lulẹ̀. Ariwo tí àwọn ọmọ pa, àwọn aládùúgbò yọjú.

Ìgbà yẹn ni mo wá ìdí rẹ̀ rí. Ìbọn yẹn kì í yìn ohunkóhun jáde, ṣe ló ń wòran. Bí ẹ bá ti fa ohun ìyìnbọn rẹ̀, gbogbo ojú tẹlifíṣàn á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú akàn, lẹ́yìn náà àpótí funfun á hàn níbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Bí ìbọn bá kọ́kọ́ rí òkùnkùn, tó sì wá rí ìmọ́lẹ̀ lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, ó mọ̀ pé ẹ bá a. Bó bá jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ méjì, àpótí wọn á hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, ibẹ̀ ló ti ń mọ èyí tí ẹ yìn. Ó yára débi pé ìmọ́lẹ̀ fìrí lásán ni ojú wa ń rí. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ máa ń fi àwòrán falẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e jáde, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá fi dé, ìbọn ti pa ojú dé.

Kò sí ohun tó ṣe ìbọn mi látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ló wà di òní, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń bẹ̀ mí pé ká lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Tíṣà Ìgbọ̀nà

Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí ẹni tó bá gbá Pac-Man dé ìpele 256 kì í lè kọjá ibẹ̀. Pac-Man, gémù tí ẹnu róbótó kan ti ń jẹ oúnjẹ kiri, èyí tí Toru Iwatani ṣe fún ilé iṣẹ́ Namco ní 1980, ló ń sọ. Òótọ́ ni: bó bá ti di 256, apá ọ̀tún ojú gémù á dàrú, á kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, oúnjẹ tó yẹ kí Pac-Man jẹ kò ní pé.

Mo gbìyànjú láti fi èdè ìwé ṣàlàyé, ojú wọn ń wò mí ṣáá. Ni mo bá rántí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bàbá bàbá mi. Mo ya ọ̀pẹ̀lẹ̀ sára bọ́ọ̀dù: èso mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé. Mo ní kí wọ́n ka iye ọ̀nà tó lè gbà balẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ilé babaláwo kò tilẹ̀ kà á, ó ní, "256, sà. Odù ni."

Ilé mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ náà ni Pac-Man fi ń ka ìpele. Iye tó lè wọ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó parí sí 255. Bí ẹ bá fi ọ̀kan lé e, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti tán, á padà sí òdo. Apá tó ń ya àwòrán èso jíjẹ tó ń fi ìpele hàn sísàlẹ̀ ojú gémù á wá ṣi òdo yẹn kà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya 256 níbi tí àyè méje péré wà, èyí tó kù á sì ya lu ara ohun gbogbo. Àwọn tó ṣe é kò rò pé èèyàn lè gbá a débẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi nǹkan mìíràn kọ́ wọn ní báìtì, ìyẹn ilé mẹ́jọ yẹn, mọ́.

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣàlàyé kan fún mi. Kásẹ́ẹ̀tì tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí kó tó ṣiṣẹ́, ṣé òótọ́ ni pé ó ń ṣe nǹkan kan? Èmi ni wọ́n máa ń pè láti wá fẹ́ ẹ ládùúgbò wa.

Ọmọ Aláró, Òkè-Baálẹ̀

Ọmọ Ọjà Ọba, yíyọ tí ẹ yọ ọ́ tí ẹ sì tún un kì bọ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe atẹ́gùn. Irin ìdí rẹ̀ ni kì í kan ara wọn dáadáa, bí ẹ bá tún un kì, ó lè bọ́ sípò. Ọ̀rinrin ẹnu wa ń jẹ́ kí irin náà dípẹtà ni, Nintendo pàápàá kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Tíṣà, mo ka ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ yẹn sétí màmá lánàá. Wọ́n ní kí n kí yín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn kan fún wọn tí n kò tíì sọ níbí. Warren Robinett ló nìkan ṣe gémù kan tó ń jẹ́ Adventure fún ilé iṣẹ́ gémù Atari, tó jáde ní 1980. Nígbà náà, Atari kì í kọ orúkọ ẹni tó ṣe gémù sára rẹ̀. Ó dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ṣe yàrá kan sínú gémù náà tí èèyàn kò lè wọ̀ àyàfi bó bá rí àmì tóńtó kan tó ṣòro láti rí, tó sì gbé e dé ibi kan. Inú yàrá yẹn ló kọ ọ́ sí pé Warren Robinett ló ṣe é. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ ọdún 15 kan tó rí i, tó sì kọ lẹ́tà sí Atari.

Màmá dákẹ́. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú kámpálà àtijọ́ kan jáde, wọ́n tẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ sí ọwọ́ mi. Àmì funfun mẹ́ta wà níbẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ, wọ́n tò bí ààrò. Láti kékeré ni mo ti ń rí i lára aṣọ wọn. Mo rò pé àbẹ́là ló ta sí i.

Àwọn oníṣòwò tó ń kó aṣọ lọ́wọ́ màmá kì í sọ ẹni tó ṣe é fún oníbàárà. Gbogbo aṣọ tí wọ́n ti ilé wa gbé jáde ní bí ogún ọdún ni àmì yẹn wà lára rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì.

Ẹni tó bá ní kámpálà Òṣogbo ti ìgbà yẹn nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣẹ́tí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ààrò mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, kí n fi han màmá.