Ṣé Yorùbá tí à ń sọ nílé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi jẹ́?

Ìyá Ìbejì, Ìgbogbo, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àkọ́bí mi wọ JSS1 lọ́dún yìí, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í lálẹ́, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, láti bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí ó kọ àròkọ nípa bí ó ṣe lo ọjọ́ Sátidé. Ohun tó kọ nìyí: "On Saturday I go to my aunty house. She give me three mango. My brother borrow me his slippers." Bíró pupa ni tíṣà fi fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, ó fún un ní máàkì 2 nínú 10, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n má sọ Yorùbá sí i mọ́ nínú ilé. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìyá mi tó ń bá wa gbé kò gbọ́ èdè mìíràn. Ṣé Yorùbá ló fà á lóòótọ́? Báwo ni mo sì ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ pé èmi ni mo bá a kọ ọ́?

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín pé Yorùbá wà nídìí àwọn àṣìṣe wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín kò tọ̀nà. Ọmọ yín kò kọ ìkọkúkọ. Òfin èdè tó gbọ́ jù ló tẹ̀ lé. Ní Yorùbá, "lọ" kì í yí padà: mo lọ lánàá, mò ń lọ báyìí, màá lọ lọ́la. Ọmọ náà ti kọ "On Saturday", ó sì gbà pé ó ti tó, nítorí pé nínú èdè wa, ó tó. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí "go" di "went", kí "give" sì di "gave". Máńgòrò mẹ́ta náà nìyẹn: "mẹ́ta" ti sọ pé ó ju ẹyọ kan lọ, máńgòrò kò ní láti gbé ohunkóhun lé ara rẹ̀.

Ti "borrow me" ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀; ó yá mi lówó. "Yá" kan náà ni fún ẹni tó gbà àti ẹni tó fúnni. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹni tó gbà á ló "borrow", ẹni tó fún un ló "lend". Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń pe ọmọ méjì jáde, màá fi rúlà sọ́wọ́ ọ̀kan. Bó bá ti ń nà án sí èkejì ni yóò máa wí pé "I am lending you my ruler", bí ìyẹn bá sì ti ń gbà á ni yóò wí pé "I am borrowing your ruler". Lẹ́yìn náà wọn á yí ọwọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún ìyá yín ní Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè tò dáadáa kí ó tó kọ ọ́. Tó bá kọ ọ́ tán, kí ó kà á sókè, kí ó máa wá oríṣi àṣìṣe kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀-ìṣe lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀-orúkọ tí iye wà lára rẹ̀ lọ́la.

Ará Àgbádárìgì

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ Ègùn nílé àti Yorùbá lọ́jà kí wọ́n tó kan Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, èdè kan kò sì pa èkejì. Ọmọbìnrin mi kọ "My father said they are tired". Nígbà tí mo ní kí ó kọ "he", ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni pé mo ní kí ó rí bàbá rẹ̀ fín! Mo ṣàlàyé fún un pé "wọ́n" là ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì fi "they" ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn fún odidi ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ má dá ìyá yín lẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìyá Ìbejì, Ìgbogbo, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an, sà. A ṣe é lálẹ́ àná, fúnra rẹ̀ ló sì rí "give" kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó ku "my aunty house".

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Ní tiwa, ohun tí a ní ló ń ṣáájú, ẹni tó ni ín á tẹ̀ lé e: ilé àǹtí mi. Gẹ̀ẹ́sì fi ẹni tó ni nǹkan ṣáájú, ó sì fi 's so wọ́n pọ̀. Ẹ ní kí ó sọ "ilé Títí" sókè, kí ó fetí sí i: ohùn rẹ̀ yóò fà díẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí a bá wí pé "ilée Títí". Àwa náà ní ohun tó ń so wọ́n pọ̀; ẹnu là ń fi sọ ọ́, a kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀.