Ẹ sọ ìrírí yín: oyè másítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Ìrírí kìíní, láti Ìbàdàn

Mo ti lo ọdún 11 ní wọ́ọ̀dù kí n tó ronú kan oyè másítà, nígbà tí mo rí i pé àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ ti ń di ọ̀gá lé mi lórí. Mo rò pé ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí tí mo ní yóò gbà mí wọlé ní tààrà, àṣé mo ní láti kọ́kọ́ gba BNSc, oyè dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ná. Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti wà láti ọdún 1965, ni mo ti ṣe méjèèjì. Ibi iṣẹ́ mi kò fún mi ní ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń gbà ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sùn sílé. Bí mo bá ti fa wọ́ọ̀dù lé àwọn tó gba iṣẹ́ àárọ̀ lọ́wọ́, kíláàsì yá. (Ojú oorun ni mo ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ ìṣirò ìwádìí, n kò ní parọ́.)

Bí aláìsàn ṣe ń ṣàlàyé ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe ìwádìí lé lórí. Màmá kan wo ìlà òdo dé 10 tí a fi ń wọn ìrora, tí mo nà sí i, ó ní, "Nọ́ọ̀sì mi, ṣé ìrora máa ń ní iye ni? Ó ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra egbò. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ló mú kí èmi àti olùdarí ìwádìí mi fi àwòrán ojú kún nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tún ní láti padà gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ìwádìí.

Lẹ́yìn tí mo gboyè, fáìlì mi fi oṣù 14 rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì kí ipò mi tó yí padà.

Ìrírí kejì, láti Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Ní tèmi, ibi iṣẹ́ ló sanwó másítà, torí pé wọ́n nílò nọ́ọ̀sì tó lè yẹ aláìsàn wò, kí ó sì kọ oògùn fún un láìdúró de dókítà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ oògùn fúnra mi, paracetamol lásán ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún ìwọ̀n rẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí i.