DA: lẹ́tà méjì péré, inú èdè mélòó lẹ ti bá a pàdé?

Ọmọ Lísàbi
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá lónìí: DA. Ẹni tó bá ń nájà ní Lafẹ́nwá á gbọ́ ọ lẹ́nu Yorùbá, lẹ́nu Haúsá, lẹ́nu Ìgbò, kó tó ra tòmátò tán, ìtumọ̀ ẹ̀ ò sì ní bára mu. Ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ síbí. Èdè tó bá yé yín dáadáa ni kẹ́ ẹ sọ o. Ẹ má lọ da ti Google lé wa lórí.

Dírẹ́bà Pánṣẹ́kẹ́
Ṣéńjì mi dà?

Ọmọ Lísàbi
Ìyẹn gan-an ni ìkíní 😂

Tíṣà Ìbarà
Ká tó ròde, ká kọ́kọ́ parí tilé. "Dá" ni ti ẹni tó dá àjọ, tó dá igi sí méjì, tó dá oko, tó dá Ifá, tó dá ọkọ̀ dúró. "Dà" ni ti omi tí a dà nù àti ti ọ̀dàlẹ̀, òun náà la fi ń béèrè ibi tí nǹkan wà. Ibi tó ti máa ń dojú rú rèé: tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé "dà", ohùn ẹ̀ á gòkè wá sí àárín. "Da omi", "da ẹran", "da aṣọ bora". Ẹni tó kọ "dà omi" ti ṣi àmì fi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ arọ́pò orúkọ ló tẹ̀ lé e, "dà" á dúró síbi tó wà, arọ́pò orúkọ ni á bọ́ sókè: "ó dà á", "ó dà mí". Ti "dá" yàtọ̀: "ó dá a", "ó dá mi". Nítorí náà "Ọlọ́run dá mi", ọpẹ́ ni. "Ọlọ́run dà mí", ẹ̀sùn ni. Ẹ lọ wo WhatsApp ẹgbẹ́ àdúrà yín.

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtọ̀kú
Háà! "Olorun da mi fun ogo" ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ láràárọ̀ o.

Alápatà Lafẹ́nwá
Ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ìdúpẹ́ ni. Ta ló ń rò pé Ọlọ́run da ẹnì kan? Àwọn bàbá wa ka Yorùbá láìsí gbogbo ìlà wọ̀nyí.

Tíṣà Ìbarà
Bàbá wo? Abẹ́òkúta níbí ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá ti jáde ní 1859. Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi ṣèpàdé l'Ékòó, ní 1875, lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá. Bí kò bá dà wọ́n láàmú, ṣé wọ́n á jókòó lé e lórí?

Alápatà Lafẹ́nwá
Ó dáa, tíṣà.

Màláàmù Sábó
Ti Haúsá rèé. "Da" wa, "àti" ni, "pẹ̀lú" náà ni. Shinkafa da wake: ìrẹsì àti ẹ̀wà. Kunu da ƙosai: kunu àti àkàrà. "Ina da kuɗi" la fi ń sọ pé "mo lówó", bíi kéèyàn ní òun wà pẹ̀lú owó. Ibi tó ti ń bá oníbàárà jà ni iye ọjà. "Dubu biyu" ni 2,000. "Dubu biyu da ɗari biyar" ni 2,500. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá ti gbọ́ "dubu biyu" báyìí, wọ́n ti ń ka owó nìyẹn. 500 á kù, ariwo á sọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "da" láàárín owó, ẹ ní sùúrù, ó ṣì ku nǹkan lẹ́yìn.
"Dā" tí a fà gùn, ìyẹn ni "láyé àtijọ́". "Ɗa" tó ní ìkọ́ lórí ni ọmọkùnrin. "Ɗan" sì ni "ọmọ lágbájá", bíi Ɗan Fodio: ọmọ Fodio.

Dírẹ́bà Pánṣẹ́kẹ́
Màláàmù, "d" àti "ɗ", ọ̀kan náà ni létí mi o.

Màláàmù Sábó
Yorùbá ò ní i ni. Fi ahọ́n kan òkè ẹnu bí ẹni fẹ́ pe "d". Má tíì tú u sílẹ̀. Fa gògóńgò wálẹ̀ díẹ̀, kí o tó wá pe "a". Gbé ìka lé gògóńgò kí o fi wò ó: tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, "d" lásán lo pè.

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtọ̀kú
Gbogbo wa la ti di gògóńgò mú nílé báyìí 😂

Ada Kútọ̀
Lọ́dọ̀ tiwa Ìgbò, "da" ni kí nǹkan ṣubú. Tí nǹkan ọ̀hún bá ti ṣẹlẹ̀, a ó fi "r" kún un, fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ náà á sì tún ara ẹ̀ pè: "da" á di "dara", bí "ri", tó jẹ́ jíjẹ, ṣe ń di "riri". Nítorí náà "ọ dara" ni "ó ṣubú". "Ọ dara n'ule" ni pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Dírẹ́bà Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ dúró ná. Ọmọ fìdí rẹmi, ẹ ní ọ dara??

Alápatà Lafẹ́nwá
Bàbá ọmọ á ti máa pín mínírà káàkiri àdúgbò 😂😂😂

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtọ̀kú
Tí mo bá sá àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí okùn, tí ẹnìkan wá ń pariwo "ọ dara! ọ dara!", èmi á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, aṣọ á ti wà nínú ẹrẹ̀. Yéè!

Ada Kútọ̀
Ohùn ló ń yà wọ́n. Tiyín bẹ̀rẹ̀ lókè. Ọ̀rọ̀ "dara" tiwa, ìsàlẹ̀ ló wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí nǹkan bá dára, "ọ dị mma" ni kẹ́ ẹ wí.

Ọmọ Odùduwà Gan-an
Ẹ̀yin ò tíì dé ibi tó wà. Ní èdè Ṣáínà, "dá" ni kéèyàn dáhùn. Dá, dáhùn! Ṣé ẹ rí i bí? Ìyá kan náà ló bí wa.

Tíṣà Ìbarà
A ti débẹ̀ nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ Láderin
Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà ABD ló ń tàn yín. Tiwa, àmì òkè ni pé ohùn wà lókè, ó sì dúró síbẹ̀. Tiwọn, ohùn á ti àárín gòkè, bí ẹni tí kò gbọ́ tó ní "ẹ̀n-ẹ́n?" tó wá fà á sókè. Mẹ́rin ni wọ́n: dā, ohùn òkè tó tẹ́jú, ni kéèyàn ta àgọ́ tàbí kó wọkọ̀. Dá ni kó dáhùn. Dǎ, tí ohùn á lọ sílẹ̀ kó tó tún gbéra, ni kó lu nǹkan. Dà, tí ohùn á já láti òkè wá sílẹ̀ gbì, ni "ńlá". Nítorí náà, Yorùbá tó bá pe "dá" tiwa fún wọn, "dā" ni wọ́n á gbọ́. Èyí tó burú jù ni "dà": tiwa rọra wà nísàlẹ̀ ni, létí wọn ó sún mọ́ "dǎ". O fẹ́ sọ pé nǹkan tóbi, wọ́n gbọ́ pé o fẹ́ lu nǹkan.

Ọmọ Odùduwà Gan-an
Ìtumọ̀ ṣáà bára mu!

Tíṣà Ìbarà
Ọ̀kan nínú mẹ́rin. "D" àti "a" wà nínú èdè tó pọ̀ jọjọ láyé; ọ̀rọ̀ tó bá kúrú tó báyìí, dandan ni kí ìtumọ̀ méjì forí gbára níbì kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ la fi ń mọ ìbátan èdè. Ẹ wo àwa àti Ìgbò: etí, ntị. Ẹnu, ọnụ. Imú, imi. Ẹta, atọ. Ẹ̀yà ara àti òǹkà, léraléra. Ìbátan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ "da" wọn àti tiwa ò sì jọ ara wọn rárá.

Ọmọ Odùduwà Gan-an
Mo ṣì gbà á gbọ́ o.

Dírẹ́bà Pánṣẹ́kẹ́
Máa gbà á gbọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n.

Rọ́ṣíà-1
Rọ́ṣíà: "bẹ́ẹ̀ ni". Ó parí.

Ará Òkè Òkun
Wéèsì: "dára". Bore da, ẹ káàárọ̀. Ṣé Ọmọ Odùduwà ti rí i? Dá, dára! 😂

Ọmọ Odùduwà Gan-an
Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò Jámánì
"Túnjí dà?" tí à ń béèrè, Jámánì ló ní èsì ẹ̀: "Tunji ist da", Túnjí wà níbí. Ẹ ṣọ́ra o, tí "da" bá lọ síwájú gbólóhùn, ó lè di "nítorí pé", "ist" á sì sá lọ sẹ́yìn pátápátá: "da er krank ist", nítorí pé ara ẹ̀ ò yá. Ẹni tó bá fi "ist" sílẹ̀ láàárín, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni.

Aláńkárá Ṣápọ́n
Tọ́kì ńkọ́? Wọ́n ní "da" méjì. Èyí tí wọ́n kọ lọ́tọ̀ ni "náà". Èyí tó so mọ́ ọ̀rọ̀ ni "ní". "Ankara da": Ankara náà. "Ankara'da": ní Ankara, olú ìlú wọn. Àwọn fúnra wọn máa ń ṣi èyí kọ. Fáwẹ̀lì tó ṣíwájú ló sì ń pinnu bóyá "da" ni tàbí "de": İzmir ń gba "de", İzmir'de.

Dírẹ́bà Pánṣẹ́kẹ́
Ańkárá dà?

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtọ̀kú
Àdìrẹ ni mo ń tà! Lọ bi Aláńkárá.

Ọmọ Kúmásì
Twi: "da" ni kéèyàn sùn, tàbí kó dùbúlẹ̀. "Da yie" ni ó dàárọ̀. Inú "medaase", tí a fi ń dúpẹ́, náà ló wà: me da wo ase, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ.

Alápatà Lafẹ́nwá
Ẹ ò rí i, ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fẹnu ṣe. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gùn
Ẹ má gbàgbé tiwa. Dàn, ejò. Inú Danxomɛ ló wà: xo ni ikùn, mɛ ni inú.

Alápatà Lafẹ́nwá
Àwọn Dàhómì tó wá gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864?

Ọmọ Ẹ̀gùn
Àwọn náà. "Nínú ikùn Dan." Àwọn kan ní ejò ni Dan ọ̀hún, àwọn kan ní olóyè kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ààfin lé lórí.

Tíṣà Ìbarà
"Dàn", fáwẹ̀lì àránmúpè nìyẹn. Kì í ṣe "da". Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Alápatà Lafẹ́nwá
Ejò tí Ẹ̀gbá lé padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọmọ Àgùdà
Àwọn orúkọ Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ńkọ́? Èdè Potogí ni: "de" àti "a" ló so pọ̀ di "da", "ti". Da Costa: ti etíkun. Da Rocha: ti àpáta.

Ọmọ Lísàbi
Ti àpáta! Ọmọ Olúmọ ni wọ́n nìyẹn!

Ọmọ Àgùdà
Ìjẹ̀ṣà ni da Rocha tó ni Water House ní Kakawa l'Ékòó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ 😂. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ti Ítálì o. Lọ́dọ̀ ti Ítálì "láti" ni: Leonardo da Vinci, Leonardo láti ìlú Vinci. Ẹni tó bá pè é ní "Da Vinci" nìkan, "ará Vinci" ló pè é. Nínú èdè méjèèjì, àmì ló ń sọ ọ́ di "ó fún": Potogí ń kọ "dá", Ítálì ń kọ "dà".

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtọ̀kú
De Souza náà wà nínú ẹ̀?

Ọmọ Àgùdà
Rárá. "De" lásán nìyẹn, kò ní "a" lára. Èyí tó bá jẹ́ akọ lédè wọn, "do" ni wọ́n ń fi sí i: do Rosário.