Àyẹ̀wò abarapá: orúkọ tí mo fẹ́ kí a fún «screening»

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka ohun tí ẹ sọ lórí ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn ìyá wa ní Kàbà, Ìyàrá àti Ìsánlú nípa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí a pe «screening», ìyẹn yíyẹ ẹni tí kò rí àmì àìsàn kankan wò, ní «ìsẹ́», nítorí iṣẹ́ asẹ́ ni láti ya ohun tí a fẹ́ kúrò lára ohun tí a kò fẹ́. Àǹtí wa fara mọ́ «àwárí». Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n «àyẹ̀wò» lásán tó wà nínú ìwé náà báyìí kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n yára kúrò lórí «ìsẹ́». Ẹ pè é síta: «ìsẹ́ ilé ọmọ». Ìyá tó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìṣẹ́yún ni etí rẹ̀ máa mú. Ọ̀pọ̀ ahọ́n ni kì í ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ. Orúkọ tó bá ń mú obìnrin wẹ̀yìn wò kó tó wọlé tọ nọ́ọ̀sì kò wúlò fún wa.

«Àwárí» dùn létí, àmọ́ òwe tí Àǹtí fi gbè é lẹ́yìn gan-an ló ta kò ó. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: ẹni tó ń wá a ti gbà pé ó wà níbì kan, kò sì ní sinmi títí yóò fi rí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n bá yẹ̀ wò ni wọn ò ní bá nǹkan kan lára wọn. Tí a bá kọ ọ́ síwájú ìwé pé a fẹ́ wá jẹjẹrẹ lára yín, ta ló máa yọjú?

Kí ló wá ṣe «àyẹ̀wò»? Ó kàn gbòòrò jù ni. Bí ara ọmọ bá gbóná, àyẹ̀wò ibà. Bí obìnrin bá fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, àyẹ̀wò náà ni wọ́n máa ní kó lọ ṣe. Nǹkan ti ń ṣe ẹni náà kó tó kúrò nílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ lábẹ́ ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìtètèmọ̀: kí ẹni tó ti rí àmì má fi falẹ̀, àti kí wọ́n yẹ ẹni tí kò rí àmì kankan wò. Èkejì yìí ni «screening». Bí a bá fi àyẹ̀wò pe méjèèjì, ìyá tí ara rẹ̀ le á ní «kò kúkú sí nǹkan tó ń ṣe mí», á sì fi ìwé wa di àkàrà fún oníbàárà. Òun gan-an ni a sì ń wá.

Ẹ má sọ pé yíyẹ ẹni tí kò ṣàìsàn wò ṣàjèjì sí wa. Kí ni àkọsẹ̀jayé? Ọmọ tuntun jòjòló, ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́, síbẹ̀ wọ́n gbé e síwájú Ifá. Àwọn baba wa kò pe ìyẹn ní àyẹ̀wò lásán, wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀. (Ẹ̀yin pásítọ̀ àárín wa, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ èdè ni mò ń sọ.)

Ìdí nìyí tí mo fi mú «àyẹ̀wò abarapá» wá. Abarapá lẹni tí ara rẹ̀ pé, tó ń roko, tó ń ná ọjà. Wọ́n máa ní ó dún bí èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Ó dún bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ yẹn kò lé ẹnikẹ́ni sá.

Gbólóhùn «ìtètèmọ̀ jẹjẹrẹ» tó wà lójú ewé kejì ló wá ń dùn mí jù. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, oríṣi rẹ̀ 16 àti 18 nìkan ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti wọ ara títí dìgbà tó máa di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yá sí ọdún 5 sí 10 lára ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti dínkù, bíi ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni nọ́ọ̀sì fẹ́ bá a. Ohun tó ń wò kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n sì lè fi òtútù tàbí ooru pa ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Bí ìwé wa bá pè é ní jẹjẹrẹ, obìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé «a rí nǹkan» ti kú tán lọ́kàn ara rẹ̀ kó tó délé. Mi ò fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ gbọọrọ: «ara tó ti ń yí padà, tí kò tíì di jẹjẹrẹ.»

Bákan náà, ẹ bá mi yọ «ásíìdì» kúrò nínú ìwé náà. Ohun tí wọ́n ń fi kan ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tí wọ́n á dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n wo ibi tó bá funfun, agbára rẹ̀ kò ju 3 sí 5 nínú 100 lọ. Ásíìdì bátìrì mọ́tò ni àwa mọ̀ níhìn-ín. Ọtí kíkan ni kí a kọ, gbogbo ẹni tó bá ka Bíbélì ti bá a pàdé. Àti «gbogbo obìnrin» tí ìwé náà ní kó wá, ọjọ́ orí ni kí a fi rọ́pò rẹ̀: láti 30, tàbí 25 fún ẹni tó ní HIV.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì lára àwọn bàbá, kún un, mo rò pé kí ó ní ìwé tirẹ̀. Iye PSA lè gòkè nítorí próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀, tó kàn tóbi lásán, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, nítorí náà ó yẹ kí bàbá àti dókítà kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́. A kò lè fi ìlà méjì nísàlẹ̀ ìwé àwọn ìyá ṣàlàyé ìyẹn.