Ibà ọmọ mi ń lọ, ó ń bọ̀: ohun tí mo kọ sára kàlẹ́ńdà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn la wà, àárín òjò, ẹ̀fọn ń kọrin létí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ara ọmọ gbóná janjan, ó kọ ọyàn. Màmá ọkọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, wọ́n ní, “Ìyàwó, eyín ló ń hù, fọkàn balẹ̀.” Lóòótọ́ ni, eyín ń hù. Àmọ́ ọmọ oṣù 11, ìgbà wo gan-an ni eyín kì í hù lẹ́nu ẹ̀?

Ọjọ́ kejì a dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n fún wa ní òògùn ibà, wọ́n tún fi ìgò antibáótíìkì kan tì í, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí kí wọ́n tó mì ín, pé kí ara ẹ̀ lè tètè yá. Ọjọ́ 3, ara tutù, ọmọ ń ṣeré. Mo gbé ìyókù ìgò náà sínú fíríìjì, mo ní a óò tún lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ rántí ìgò yẹn o.

Ọjọ́ 16 lẹ́yìn náà, ibà padà dé. Ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ yẹn, ilà 2 yọ: ibà ẹ̀fọn. Òògùn ibà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà 6 láàárín ọjọ́ 3. Èmi náà, ọlọ́gbọ́n, mo bu ti inú fíríìjì kún un. Ara tutù. Kò pẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta dé, ilà 2 tún yọ. Bàbá ẹ̀ ní òògùn ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àgbo wá. Èmi ń sunkún ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe dáadáa lásìkò yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ilé ìdáná, ibẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. 38.9, aago méjì òru. Kò wúkọ́. Kò ṣe ọ̀fìnkìn. Òògùn báyìí báyìí. Níbì kan mo kọ ọ́ pé pámpásì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà obìnrin kan nílé ìwòsàn ńlá ló bá mi ka àwòrán kàlẹ́ńdà náà lórí fóònù. Ó ní ike yẹn kì í wá kòkòrò ibà fúnra ẹ̀. Ohun tí kòkòrò ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, nǹkan ọ̀hún sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ilà 2 tí à ń rí lè jẹ́ àṣẹ́kù ibà tó ti lọ. Wọ́n fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀: kò sí kòkòrò kankan. Ó wá fìka lé ọ̀rọ̀ pámpásì. “Màmá, ẹ bá mi gba ìtọ̀ ọmọ yìí.”

Gbígba ìtọ̀ ọmọdé! Nọ́ọ̀sì ń fi òwú tútù pa á nísàlẹ̀ ìdodo, èmi di kóòpù mú bí ẹni tó ń dọdẹ ẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tọ̀ sí mi láṣọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta bọ́ sí kóòpù. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ 3: kòkòrò inú ìgbẹ́ ló gba ojú ara wọ àpò ìtọ̀. Antibáótíìkì tí mo ń dá dúró lágbedeméjì ń dín in kù, kò pa á tán, ìyẹn ló ṣe ń padà. A lo èyí tí èsì yàn láì fo ọjọ́ kan, wọ́n fi ẹ̀rọ wo kíndìnrín ẹ̀, kò sí ewu. Wọ́n ní iwájú lọ sẹ́yìn ni kí n máa nù ún. Èmi tí mo ti tọ́ ọkùnrin 2 ṣáájú, ta ló sọ ìyẹn fún mi rí?

Bàbá kan, Òṣogbo:
Ìyá wa, ẹ kú ìforítì. Tiwa kì í ṣe ìtọ̀. Ọmọ oṣù 8, ara gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wú. A fẹ̀sùn kan ọmọ tó ń bá wa gbé e pé ó gbé e ṣubú. Ọmọ ọlọ́mọ sunkún títí ó fi kẹ́rù ẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí. SS ni jẹ́nótáìpù ọmọ wa, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. Ìwé tí mo fi gbéyàwó kọ AA. Nígbà tí a tún un ṣe níbi 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, AS ni mí. Ní báyìí, bí ara ẹ̀ bá ti kan 38, a kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ìyá kan, London:
Tèmi ń wá bí ẹni pé wọ́n dá oṣù fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ọjọ́ 5 ibà, ọ̀fun pupa, egbò lẹ́nu, kókó ọrùn wú. Lẹ́yìn ìyẹn á máa sáré kiri bí ẹni tí nǹkan ò ṣe rí. Antibáótíìkì ò ràn án. Ìgbà kan a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, mo ti ẹnu ọ̀nà sọ ọ́ pé Nàìjíríà la ti ń bọ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, kò sí ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó pè é ní PFAPA, àìsàn ibà ọmọdé tó máa ń padà dé lásìkò lásìkò. Kì í ràn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá sì ṣe ń dàgbà ló ń rọlẹ̀. Tèmi ti ń pẹ́ kó tó dé báyìí.

Nọ́ọ̀sì kan:
Tí gìrì bá mú u nínú ibà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Mo ti rí eyín tó kán. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbé e wá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara ẹ̀ gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e wá.

Èmi, ìyá Ìbàdàn:
Bàbá Òṣogbo, ẹ ṣeun. A ti ṣe tiwa, AA ni. Màmá ọkọ mi ṣì ní eyín ni. Láti oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tí mo ra gáàsì nìkan ló wà lára kàlẹ́ńdà.