Ojú ẹ̀rọ ló ń yí, kì í ṣe ètò ìṣiṣẹ́: èsì sí àbá "aláfọ̀ṣẹ"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti ka àwọn àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ń ṣe ojú rẹ̀ (ohun tí à ń rí tí a sì ń tẹ̀) àti áàpù inú rẹ̀ bí a ti ń lò ó lọ. Ẹnìkan ní "ètò ìṣiṣẹ́ aláfọ̀ṣẹ", torí pé èèyàn á sọ ohun tó fẹ́, á sì yọ síwájú rẹ̀. Ẹlòmíì ní "àdálójú-ẹsẹ̀", ìyẹn ohun tí a dá lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká kúkú yá "jẹnẹrétífù" (generative lédè Gẹ̀ẹ́sì) lò, kí ìjà parí. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ "ètò ìṣiṣẹ́" kúrò níbẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́ ló ń pín ààyè ìrántí kọ̀ǹpútà fún áàpù kọ̀ọ̀kan, òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun ló ń pinnu iṣẹ́ tó kàn. Linux, Windows àti Android ló ń ṣe é lábẹ́nú, wọn ò sì tíì gbé e fún ẹlòmíì. Ní oṣù kẹfà 2025, Google fi Gemini 2.5 Flash-Lite, ọ̀kan lára àwọn ọgbọ́n àtọwọ́dá rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ kan: bí èèyàn bá tẹ nǹkan, ẹ̀rọ á wo ohun tó tẹ̀ àti èyí tó ti tẹ̀ ṣáájú, á sì kọ HTML (kóòdù tí a fi ń ṣe ojú ewé) ti ojú tó kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Anthropic, ilé-iṣẹ́ tó ni ọgbọ́n àtọwọ́dá Claude, ṣí irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀, "Imagine with Claude", fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kan fún ọjọ́ díẹ̀. Ojú nìkan ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

NeuralOS tún yàtọ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Waterloo ní Kánádà wà lára àwọn tó gbé e jáde ní 2025. Kò kọ kóòdù kankan. Fídíò ojú Ubuntu, irú Linux kan, ni wọ́n fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ibi tí máòsì ń gbà àti ohun tí wọ́n ń tẹ̀, títí ó fi lè máa ya àwòrán ojú tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Bọ́tìnnì tí ẹ rí níbẹ̀, àwòrán bọ́tìnnì ni. Fódà tó ṣí kò ní fáìlì kankan nínú. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé títẹ kíbọ́ọ̀dù ṣì ṣòro fún un láti fara wé. Nítorí náà, nǹkan méjì là ń sọ orúkọ fún, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ àfọ̀ṣẹ ló dùn mí jù. Ẹni tó ní àfọ̀ṣẹ, bó bá ti sọ ọ́, kò ní yẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń fojú díwọ̀n ni. Nínú àpẹẹrẹ Google yẹn, bí èèyàn bá kúrò lójú ewé kan tó tún padà síbẹ̀, ohun tó máa bá lè yàtọ̀ sí ohun tó fi sílẹ̀, àfi bí wọ́n bá tọ́jú ojú tó ti jáde pa mọ́. Bí ìyá tó ń tajà bá rí "aláfọ̀ṣẹ" lára áàpù owó, ó máa gbà pé iye tó kà níbẹ̀ kò lè yẹ̀. A ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa ṣe onígbọ̀wọ́ fún ohun tí kò dúró.

"Àdálójú-ẹsẹ̀" náà ní àbùkù kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fara sin. "Ó dá mi lójú" ni etí Yorùbá máa gbọ́ nínú rẹ̀ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀. Ní ti yíyá ọ̀rọ̀, mi ò bá a jà: àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa gba fóníìmù (ìró tó ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀) wọlé, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n "jẹnẹrétífù" kò ní sọ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bóyá kóòdù ni wọ́n kọ ni àbí àwòrán ni wọ́n yà.

Àbá tèmi rèé. "Ojú-ẹ̀rọ àṣelójú-ẹsẹ̀" ni kó jẹ́ orúkọ gbogbogbòò. Lábẹ́ rẹ̀, irú ti Gemini àti Claude máa jẹ́ "àkọlójú-ẹsẹ̀", kí ó lè kojú "àkọsílẹ̀", tí í ṣe áàpù tí èèyàn ti kọ parí tó sì wà bẹ́ẹ̀. Irú ti NeuralOS máa jẹ́ "àyàlójú-ẹsẹ̀", láti ara yíya àwòrán. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní àyà tó wà láyà ni òun gbọ́. Gbólóhùn tó yí i ká máa tú u sílẹ̀. Nínú "ojú-ẹ̀rọ àṣelójú-ẹsẹ̀", ojú tún wà níwájú, ojú wà lẹ́yìn, èyí sì dùn létí mi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa lò, ẹ wò ó bóyá ẹ lè rí kóòdù lẹ́yìn ojú náà. Bó bá wà, ẹ pè é ní àkọ. Bí kò bá sí, tó jẹ́ àwòrán lásán, àyà ni.